Àlàfo Ìka Mẹ́ta Láàárín Páìpù àti Pákó

Thames View,
Barking.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀ní mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ láti rí lẹ́tà mi. Láti ilé mi dé Rush Green tí o kó lọ kò ju bọ́ọ̀sì méjì lọ, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n o mọ bí a ṣe máa ń ṣe lórí fóònù. Èmi á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìwọ á ní, "Mọ́mì, please, mo wà níbi iṣẹ́," èmi náà á ní kò burú, kí lo jẹ lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sì wá sílé rẹ, ojú rẹ ni màá wò, màá sì yí i sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bíírò. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó pè mí. Kà á tán kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun lọ́jọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, o pè mí, ohùn rẹ sì lọ sílẹ̀. O ní ilé onípákó kan wà tí ẹ̀ ń ya àwòrán ọ̀nà èéfín fún, pé wọ́n ti to egungun ilé náà dúró. O ní páìpù èéfín náà gbọ́dọ̀ gba inú àjà kọjá, kí àlàfo ìka mẹ́ta sì yí i ká, kí igi kankan má sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà ti to igi àjà sún mọ́ra jù, onílé sì fẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. O ní Bàbá Olúwọlé, ọ̀gá rẹ, ní kí o sọ ìka mẹ́ta di ìka kan nínú àwòrán náà, kí o sì fọwọ́ sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

O ní ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ lè gbà ṣe é. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni kí n ṣe?"

N kò ronú rárá. Mo ní, "Ṣé Bàbá Olúwọlé ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn?"

O ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ àgbà ìjọ ní iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí n tó bí ọ? Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí gbogbo ibi tí o kọ̀wé sí kò dá ọ lóhùn? Ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ kì í bá baba jiyàn. Fọwọ́ sí i, kí ara ó tu gbogbo wa."

Lẹ́yìn náà o ní, "Ẹ ṣé, mà," o sì pa fóònù.

"Ẹ ṣé, mà" yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà. Bí inú rẹ bá dùn sí mi, o kì í pè mí ní mà. Mojí, ìmọ̀ràn tí mo fún ọ kò dára. Mo ń gbà á padà. Màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ohun tí n kò sọ fún bàbá rẹ títí wọ́n fi kú, tí wòlíì kankan nínú ìjọ wa kò sì rí sí mi rí, bó ti wù kí wọ́n ríran tó.

Nígbà tí oyún rẹ pé oṣù mẹ́ta, mò ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan, òyìnbó, ní abúlé kan kọjá Romford. Joan ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lè pe ẹni tó dàgbà ju ìyá mi lọ lórúkọ, Màmá ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Pákó ni ilé wọn láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n kùn ún ní funfun, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́, gbogbo rẹ̀ a máa ké kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ bí ẹni ń rin orí àpótí. Ọmọ wọn ọkùnrin ra sítóòfù tí a ń fi igi dáná sí fún wọn, ilé iṣẹ́ kan sì rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Len wá láti ya ọ̀nà èéfín rẹ̀, kó sì ṣe é.

Len kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wọn ilé náà, ó ń yà á sínú ìwé, kó tó lu ihò kan ṣoṣo. Ó gbé páìpù náà láti orí sítóòfù ní pálọ̀, ó gba inú àjà kọjá sí yàrá tí Màmá ń sùn, ó sì yọ ọ́ síta lórí òrùlé. Nínú yàrá náà, ó kan àpótí gíga kan yí páìpù náà ká, ó fi àlàfo sí àárín páìpù àti pákó. Ó fi irin oníhò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí náà, ó fi òmíràn sókè. Lọ́jọ́ tó parí, ó pè mí gòkè, ó ti ìka rẹ̀ bọ ojú irin náà.

Ó ní, "Ṣé o rí ibí yìí? Ó ń mí ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i. Màmá á gbàgbé, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ìwọ."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Ó ní, "Má pè mí ní sà. Owó mi kò tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí òtútù dé, afẹ́fẹ́ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú irin náà wọ yàrá Màmá ní òwúrọ̀, kí n tó dáná. Wọ́n á fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn lu àpótí náà. "Dí nǹkan yìí. Ẹsẹ̀ mi ń kú."

Mo ní, "Màmá, Len ní kí a má dí i."

Wọ́n ní, "Ta ló ni ilé, èmi tàbí Len?"

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sunkún. Mojí, o mọ ibi tí mo ti wá. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí àgbà bá ní kí o lọ bu omi wá, o kì í bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kí ẹni tó tó ìyá ìyá mi máa sunkún lójú mi nítorí ohun tí mo lè fi ọwọ́ méjì ṣe, n kò gbà á.

Ìmọ̀ mi náà tún tàn mí jẹ. Nínú ilé ìdáná ìyá mi, pẹpẹ kan wà lókè ààrò tí a ń to àgbàdo àti ẹja sí. Èéfín ti sọ gbogbo igi òrùlé ibẹ̀ di dúdú, ó ń dán bíi bàtà tuntun. Ìyá mi a máa sọ pé igi tó bá mu èéfín yó, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé ọ̀rẹ́ ni igi àti èéfín. N kò ronú pé ògiri ilé ìdáná náà kò kan òrùlé, pé afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì ń jáde. Mo tún fi ọ̀bẹ ìdáná tú irin òkè, mo ki ọwọ́ sínú àpótí Len, mo fọwọ́ kan páìpù náà nígbà tí iná ń jó. Kò gbóná ju ewé ẹ̀kọ tó ti ń tutù lọ. Mo ní, kí ni èyí fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni?

Mo ká ìró àǹkárá mi àtijọ́ kan àti bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, mo rọ wọ́n sínú àlàfo náà títí ó fi kún, mo sì dá irin padà. Màmá ní Ọlọ́run á bù kún mi. Wọ́n sùn, ẹsẹ̀ wọn sì móoru. Inú mi dùn. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo hù.

Ó tó oṣù méjì kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Mò ń gé búrẹ́dì fún Màmá ní ìsàlẹ̀, mo wá gbọ́ òórùn bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ lórí aṣọ. Mo gbójú sókè, èéfín tín-ín-rín ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù. Mo sáré gòkè. Ọ̀dà ara àpótí náà ń wú bí àkàrà nínú epo. N kò lè sún mọ́ ọn. Mo padà sísàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga, mo pọn Màmá bí a ti ń pọn ọmọ, ìwọ níwájú, wọ́n lẹ́yìn, a sì jáde. Àwọn aládùúgbò pe panápaná. Kí wọ́n tó dé, òrùlé ti wọlé.

Wọ́n fi Màmá sórí àga kan lójú títì. Màmá ń wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé a lè padà sílé báyìí? Ẹsẹ̀ mi ń tutù."

A kò padà mọ́. Wọ́n mú Màmá lọ sí ilé àwọn arúgbó, wọ́n sì kú síbẹ̀ kí n tó bí ọ.

Len dé kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà. Ó dúró ní òdìkejì títì, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wá bá mi. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí yẹn?"

Mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, sà."

Lọ́jọ́ náà, kò sọ pé kí n má pe òun ní sà.

Ẹ̀rù ló bà mí. Oyún wà nínú mi, ìwé ìgbélùú mi kò tíì pé, mo sì rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ̀ òfuurufú ni yóò kàn. Eérú nìkan ni àwọn tó wá wádìí rí. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé àlàfo tí ẹni tó ya iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ kò tó. Níbi ìsìnkú, ọmọ Màmá sọ fún mi pé, "Wọ́n ti lé ọkùnrin yẹn níṣẹ́. Ó tọ́ sí i." Mo tẹrí ba bí ẹni tó gbà.

Lọ́jọ́ tí o wá sílé, tí o ní o ti ríṣẹ́, pé ọ̀nà èéfín fún ilé onípákó ni ẹ óo máa yà, mo sunkún. O dì mọ́ mi, o rò pé ayọ̀ ni. Mo jẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà mi nìyẹn, mo ti tẹ́ ẹ síwájú rẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí.

Èkíní. Bọ̀wọ̀ fún àlàfo. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ibi òfìfo lásán ni, ó dà bí ibi tí a fi ṣòfò, ó sì ń wu ènìyàn láti fi nǹkan sí i. Ìwọ fúnra rẹ lo fi ife tíì ṣàlàyé fún mi nínú ilé ìdáná mi pé iṣẹ́ ni àlàfo náà ń ṣe, òun ló ń kó ooru lọ. O ní igi tí ooru ń bà lójoojúmọ́, bí ooru náà kò tilẹ̀ pọ̀, yóò máa gbẹ, yóò máa dúdú nínú, títí ọjọ́ kan tí ooru tí kò ṣe é ní nǹkan lánàá yóò mú un gbiná. Mò ń wo inú ife. O ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi ṣá?" Mo ń gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ṣe jó ilé Màmá. Aṣọ mi ló dá ooru dúró, oṣù méjì ló sì fi ń se pákó náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń se ẹ̀wà.

Èkejì. Má fi ọwọ́ mọ ooru, má sì fi ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe páìpù ti dán an wò, ó sì ti kọ ọ́ bí igi ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó. Ìka mẹ́ta ni wọ́n kọ, ìka mẹ́ta ni. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro fún mi jù, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ láti kúnlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ orí rẹ wálẹ̀ níwájú àgbà, àní níwájú ilé ìtajà ní Barking, tí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ń wò, tí ojú ń tì ọ́. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. N kò ní kí o má kúnlẹ̀ mọ́. Ohun tí n kò kọ́ ọ ni pé ènìyàn lè wà lórí orúnkún kó sì sọ pé rárá. Ìyá mi kò kọ́ mi, ni n kò ṣe kọ́ ọ.

Bàbá Olúwọlé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí bàbá rẹ kú, àwọn ló gbé àpò ìrẹsì wá, tí wọ́n sì bá wa to àga. Mo mọ̀ pé kọ́lékọ́lé ló dúró lé wọn lórí, pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n gé igi àjà báyìí, ariwo ni yóò dà. Ṣùgbọ́n ènìyàn rere náà a máa sọ pé ìka kan ti tó. Ènìyàn rere ni Màmá, òtútù ló ń mú wọn. Len jẹ́ ènìyàn rere. Èmi náà, mo rò pé mo dára. Ẹni burúkú kankan kò sí nínú ilé yẹn, ilé sì jó.

Nítorí náà, lọ sí ọ́fíìsì ní kùtùkùtù ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn yòókù tó dé. Má ṣe bá wọn sọ ọ́ níwájú ènìyàn. Bọ́ bàtà rẹ bí o bá fẹ́, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o ní: "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. N kò lè fọwọ́ sí ìka kan. Ẹ jẹ́ kí a ní kí wọ́n gé igi àjà kan, kí wọ́n fi òmíràn dábùú rẹ̀ kó lè gbé e ró, tàbí kí a gbé páìpù náà gba ara ògiri ìta." Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn, kí n tó dá ọ lẹ́kun. Bí wọ́n bá ní, "Ṣé èmi lo wá ń bá jiyàn?" sọ fún wọn pé, "Rárá o, Bàbá. Ta ni mo jẹ́? Iná ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Bí wọ́n bá pariwo, má dìde. Bí wọ́n bá dákẹ́, má dìde. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ sílé, dìde, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó ìwé rẹ, wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti kó àwọn páálí mi kúrò nínú yàrá rẹ láti àná. Wọ́n lè máà kí wa ní ìjọ fún ìgbà díẹ̀. Màá jókòó sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, nǹkan kan wà tí Len gbàgbé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dín ẹ̀bi mi kù. Len ronú nípa iná, kò ronú nípa ẹsẹ̀ Màmá. Kó tó gbé irin oníhò sí ibi tí ó gbé e sí, ìbá ti bèèrè ibi tí bẹ́ẹ̀dì wọn yóò kọjú sí. Nínú gbogbo ilé tí o bá ń yà, bèèrè ẹni tí yóò sùn síbẹ̀. Kí o sì mọ̀ dájú pé ẹnì kan bíi tèmi ń bọ̀ wá gbé inú ilé náà, ẹni tí òtútù ń mú, tí kò lè ka ìwé rẹ, tó fẹ́ràn ìyá tó ń tọ́jú. Má kàn sọ fún un lẹ́nu kí o máa lọ. Ya àwòrán sára àpótí náà, ọwọ́ tó ń ki aṣọ bọ ihò, kí o fi ìlà pupa sọdá rẹ̀. Kí irin náà sì jẹ́ èyí tí ọ̀bẹ ìdáná kò lè tú.

Ẹ̀karùn-ún ni mo ti ń sá fún láti òwúrọ̀. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ gbé omi tíì kaná tí n kò sì mu ún. Bí o bá ṣàṣìṣe, Àbẹ̀ní, jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Má jẹ́ kó di ọ̀la.

Len fún mi ní káàdì kan nígbà náà, pé bí sítóòfù bá yọ wá lẹ́nu kí n kọ̀wé sí òun nílé. Longbridge ló ń gbé. Káàdì náà ti wà nínú èèpo Bíbélì mi láti ọjọ́ yìí. O ti bi mí rí ìdí tí n kì í fi í wọ bọ́ọ̀sì tó gba àdúgbò yẹn kọjá, mo ní ó ń pẹ́ jù. Lánàá, mo wọ̀ ọ́.

Ìyá kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi, irun wọn ti funfun tán. Mo bèèrè Len. Wọ́n ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ó ti kú. Ta ni ó ń bèèrè rẹ̀?"

Mojí, mo fẹ́ yí padà. Mo fẹ́ sọ pé kò burú, ẹ kú ìrọ́jú, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí "Ẹ ṣé, mà" rẹ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, ìró, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọ̀bẹ, àti "rárá" tí mo sọ fún ọkọ wọn. Wọn kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n wọlé.

Wọ́n fa dúrọ́à kan, wọ́n gbé ìwé kan jáde, wọ́n ṣí i síwájú mi. Ilé Màmá ni. Mo dá ojú fèrèsé wọn mọ̀. Mo ṣí ojú ìwé kejì, ilé Màmá. Ẹ̀kẹta, ilé Màmá, àpótí náà, páìpù náà, ìwọ̀n àlàfo náà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsù lórí pẹ́ńsù, títí dé ẹ̀yìn ìwé.

Wọ́n ní, "Orí àga tí o jókòó lé yìí ló ti máa ń yà á. Bó bá ti jẹun tán báyìí. Ó ní òun ń wá ibi tí òun ti ṣì í."

Mo ní, "Ṣé ó rí i?"

Wọ́n ní, "Kò rí nǹkan kan. Àbí ohun tó yẹ kó rí wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí, mà. Àlàfo náà pé."

Wọ́n ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n fi pẹ́ńsù lé e. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀." Mo kọ ohun tí mo ṣe sábẹ́ àwòrán tó kẹ́yìn, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo sì fọwọ́ sí i. Wọn kò fún mi ní tíì. Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní, "Ní Sátidé màá lọ síbi sàréè rẹ̀. Màá kà á fún un."

Ìyẹn ni ohun tí ó dé bá mi, ọmọ mi. Ọkùnrin kan ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ wá àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé èmi kò lè sọ pé rárá fún àgbà, n kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún un. Mo ti fọwọ́ sí tèmi báyìí, ó ti pẹ́ jù. Tìrẹ ṣì wà lórí tábìlì. Má fọwọ́ sí i.

N kò ní fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Màá wọ bọ́ọ̀sì wá kí o tó ti ibi iṣẹ́ dé, màá tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ, màá sì gbé ike ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jọ̀wọ́ má jẹ́ kó sùn síta. Wọ kóòtù tó nípọn. Bí o bá kà á tán tí o kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn mi fún ọjọ́ díẹ̀, kò burú, ó yé mi.

Ṣùgbọ́n mọ èyí. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, màá wà lórí orúnkún mi nínú yàrá rẹ níhìn-ín, lórí ilẹ̀, láìsí tìmùtìmù. Ìwọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, kí èmi náà kúnlẹ̀ níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì má dìde títí àlàfo náà yóò fi pé ìka mẹ́ta.

Ìyá rẹ tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ Àìkú,

Àìná.